Iléru Ààlà Ìdó-Irin

Ní ìgbà láéláé, àwọn ìjòyè Ìdó-Irin wó iléru Ògúnṣakin nígbà tí iná ṣì ń jó nínú rẹ̀. Iléru náà kò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì ba oko ẹnikẹ́ni jẹ́. Irin ló ń mú jáde, irin tí gbogbo ìlú nílò. Ọkùnrin kan kú níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tó rán an níṣẹ́ ikú sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹni tó kọ́ iléru.

Ìlú orí òkè ni Ìdó-Irin. Òkúta irin kún inú òkè náà fọ́fọ́, láti ayé àwọn baba ńlá wọn sì ni wọ́n ti ń yọ́ ọ, tí wọ́n ń fi í rọ ọkọ́, àdá àti àáké. Kò sí ọjà kan ní gbogbo agbègbè náà tí a kì í ti í bá ọkọ́ Ìdó-Irin pàdé. Ṣùgbọ́n iléru àwọn baba wọn kúrú, ó sì yọ ikùn. Kì í gbóná àfi bí wọ́n bá ń fẹ́ ẹwìrì sí i láti òwúrọ̀ di alẹ́, kì í sì í jẹ ohun mìíràn bí kò ṣe èédú igi àyìn. Àwọn ará ìlú máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí ènìyàn bá rí ọkọ́ tuntun, kí ó kí igbó kú ọ̀fọ̀. Nígbà tí Ògúnṣakin fi máa di géńdé, ẹ̀fẹ̀ náà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. Igbó tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ti sá jìnnà, débi pé ẹni tó bá jí lọ ṣẹ́ igi ní ìdájí, ìrọ̀lẹ́ ni yóò wọlé. Odò ìlú, tí orísun rẹ̀ wà lábẹ́ igbó náà, ti di ohun tí ọmọdé ń fò kọjá. Àgbàdo ń gbẹ lórí ìdúró.

Ọwọ́ ìjòyè méjì ni iṣẹ́ irin wà. Ọ̀dọ̀fin, olórí àdúgbò Òkè-Àgbàrá, ló ni àwọn ìwọ̀fà tí ń fẹ́ ẹwìrì. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ irin, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti wá ọwọ́ tí yóò fẹ́ ẹ. Aṣípa, olórí àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò, ló ni àṣẹ igbó. Ẹni tó bá fẹ́ sun èédú, òun ni yóò san ìṣákọ́lẹ̀ fún. Àwọn méjèèjì kì í jẹun nínú àwo kan náà, wọn kì í sì í kí ara wọn lójú ọ̀nà. Ọba ti wàjà, ọdún kẹta sì ń lọ tí ìtẹ́ ṣófo. Ìdílé méjì ló ń du oyè náà. Ọ̀dọ̀fin wà lẹ́yìn ọ̀kan, Aṣípa wà lẹ́yìn èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹbùn ń wọ ilé àwọn méjèèjì láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń retí ìdáhùn. Ológbò kò sí nílé, ilé ti di ilé èkúté.

Ìgbà yẹn ni Ògúnṣakin gbé ayé, Ògúnṣakin abá-òkúta-sọ̀rọ̀-kí-òkúta-yọ́, ọkùnrin tí àpá iná dárà sí lọ́wọ́ bí ara àmọ̀tẹ́kùn, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè nínú ilé ara rẹ̀, tí kì í sì í rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń rẹ́ni jẹ. Iṣẹ́ iléru ló bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ẹfúnyẹlá, ló ń sun èédú fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, àwọn méjèèjì ń ti igbó bọ̀, apẹ̀rẹ̀ wọn kò sì kún dé ìdajì. Ògúnṣakin dúró lẹ́bàá ògán gíga kan. Ó gùn ún, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ojú ihò tó wà lórí rẹ̀. Atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ewé gbígbẹ kan sí ẹnu ihò ìsàlẹ̀. Ihò náà fa ewé wọlé.

"Àjàgbé," ni Ẹfúnyẹlá pè é ní oríkì, "ṣé ikán lo fẹ́ gbé níyàwó ni? Ẹrù wà lórí mi o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ewé yìí. Ta ló ń fẹ́ ẹwìrì fún ikán?"

"Ta ni ì bá máa fẹ́ ẹ? Ṣé o rí ìwọ̀fà Ọ̀dọ̀fin kan tó jókòó tì í?"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ilé wọn ga. Ooru inú rẹ̀ ń gba òkè jáde, ó sì ń fa atẹ́gùn tútù wọlé nísàlẹ̀. Ilé náà ń mí fúnra rẹ̀."

Ẹfúnyẹlá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó yí ògán náà ká, ó sì fi ewé tirẹ̀ náà dán an wò. "Bí ilé amọ̀ bá ń mí fún kòkòrò," ni ó wí, "kò gbọdọ̀ kọ̀ fún ọmọ bàbá mi."

Ògúnṣakin fi amọ̀ mọ ọ̀kan sí àgbàlá rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, kò ga ju àyà lọ. Kò fi èédú àyìn sí i. Èèpo ekùrọ́ tí àwọn obìnrin ń dà sí ààtàn ni ó lọ kó, ó sá a gbẹ, ó sun ún díẹ̀, ó sì fi bọ́ ọ pẹ̀lú òkúta irin. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ẹwìrì. Iná náà ké bí ẹni tí ń súfèé, nígbà tó sì kú, irin kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó tó ẹyin àdàbà. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìlú náà: ìdọ̀tí ààtàn yóò di ọkọ́, igbó yóò sinmi, odò yóò padà, ẹni tí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà nídìí ẹwìrì yóò sì rí ọmọ náà gbà sílé. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju amọ̀ lọ, amọ̀ kò sì wọ́n ní Ìdó-Irin.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà. Iléru kékeré àgbàlá kò kan ẹnikẹ́ni. Bí iléru bá ti ga ju ènìyàn lọ, a kì í fi iná ilé ẹni dá a. Ọba ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún oníléru ní iná láti inú ààrò ààfin, nítorí wọ́n gbà pé irin tí ọba kò bá mọ ìbí rẹ̀ lè di idà tí yóò pa ọba. Nígbà tí ọba kò sí, ìjòyè méjèèjì ni yóò jọ ṣílẹ̀kùn ààrò náà. Láti ìgbà tí ọba ti wàjà, wọn kò tíì jọ ṣí ilẹ̀kùn kankan.

Ògúnṣakin kọ́kọ́ lọ bá Ọ̀dọ̀fin, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì gbé irin kékeré náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀dọ̀fin yí i lọ́wọ́ títí.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ iná fún ọ, kí ni àwọn ìwọ̀fà mi yóò máa ṣe?"

"Bàbá, wọn yóò lọ máa ro oko ara wọn."

Ọ̀dọ̀fin rẹ́rìn-ín. "O sọ ọ́ bí ẹni pé ohun rere ni." Ó dá irin náà padà fún un. "Kọ́ ọ sí Òkè-Àgbàrá. Kí o sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé ọmọba tiwa ló fi ọgbọ́n yìí hàn ọ́ lójú àlá. Iná á dé."

Ògúnṣakin kúrò níbẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Aṣípa. Aṣípa kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Wọ́n ní o ti lọ kí ọkùnrin yẹn kí o tó rántí mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọjá."

"Wọ́n tún ní iléru rẹ kò ní jẹ igi. Bí wọn kò bá gé igi mọ́, kí ni igbó mi wà fún?"

"Kí ó lè máa hù ni, Bàbá."

"Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!" Aṣípa wí fún àwọn tó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wá kọ́ ọ sí Ìsàlẹ̀-Odò, kí o sì fi orúkọ ọmọba tiwa pè é. Mo lè fojú fo ọ̀rọ̀ igi."

Ẹni tó bá gbọ́n lọ́gbọ́n ayé ì bá ti mú ọ̀kan. Ògúnṣakin kò mú ìkankan. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ́ ọ sí àdúgbò kan, àwọn ará èkejì yóò kú sídìí ẹwìrì. Láàárín àdúgbò méjèèjì, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n gbin pèrègún sí, ààlà ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni kì í kọ́lé síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ó kó amọ̀ lọ. Ó rò pé ohun tí kì í bá ṣe ti ẹnì kan yóò jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Àṣìṣe rẹ̀ nìyí, ọmọ Ìdó-Irin ló sì yẹ kó mọ̀ ọ́n: ní ìlú rẹ̀, ohun tó bá wà ní ààlà, ti ọ̀tá ni. Àwọn ará Òkè-Àgbàrá wo iléru náà bó ṣe ń ga, wọ́n ní Aṣípa ló ń kọ́ ọ. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò wò ó, wọ́n ní Ọ̀dọ̀fin ni.

Nígbà tó parí, tó ga bí ọ̀pẹ ọ̀dọ́, Ògúnṣakin pe ìlú sí ẹnu ọ̀nà ààfin, ó sì sọ̀rọ̀ báyìí:

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ìlú yìí ń sunkún, ẹ jẹ́ kí a ríran. Igbó ti ń tán. Odò ti ń tán. Bí wọ́n bá tán, òkúta tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa yìí kò ní ṣeé jẹ. Mo ti kọ́ ohun tí yóò yọ́ irin láìgé igi, láìde ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ ẹwìrì. N kò tà á. N kò fi du oyè. Iná nìkan ni mò ń tọrọ. Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìjà yín sílẹ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo."

Ọ̀dọ̀fin dìde, ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ohun ńlá kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìtẹ́ bá ṣófo. Kí wọ́n dúró títí ọba yóò fi jẹ. Aṣípa dìde, ó ní òun kò gba ohunkóhun tí Ọ̀dọ̀fin bá sọ, àmọ́ kí wọ́n dúró títí ọba yóò fi jẹ.

"Ta ló wá ń dí ọba lọ́wọ́?" Ẹfúnyẹlá kígbe láàárín àwọn obìnrin.

Ọ̀dọ̀fin gba òkè lọ, Aṣípa gba ìsàlẹ̀ lọ. Ìpàdé tú.

Òjò kọ̀ lọ́dún náà. Èédú wọ́n débi pé àwọn iléru àtijọ́ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ́ kò sí láti tà, àwọn ìlú ìsàlẹ̀ òkè sì kọ̀ láti fi iṣu dúró de ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi pààrọ̀. Àwọn ìyá ń se ewé. Àwọn bàbá tí kò fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà rí bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ sílé Ọ̀dọ̀fin. Iléru tuntun dúró ní ààlà, tútù, ẹyẹ ń sùn lórí rẹ̀.

Ẹfúnyẹlá ló wá bá àbúrò rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Àjàgbé, kí ni iná ọba?"

"Iná tó wá láti ààfin ni."

"Ta ló dá iná ààfin?"

Ògúnṣakin fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìlú ló dá a," ni Ẹfúnyẹlá wí. "Bí ọba kò bá sí, ìlú ń bẹ."

Ó bọ́ sí ìta, ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin Òkè-Àgbàrá ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀-Odò ń gòkè bọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀yinná lórí àpáàdì. Àwọn tí kò kí ara wọn láti ọdún mẹ́ta jọ da iná sí ojú kan. Iléru náà mí èémí àkọ́kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ògúnṣakin já ìsàlẹ̀ rẹ̀, irin tó tó orí màlúù sì yọ jáde, ó pọ́n bí oòrùn àárọ̀. Igbe ayọ̀ sọ. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́wálé, ìwọ̀fà Ọ̀dọ̀fin, ẹni tí èéfín ẹwìrì ti ba àyà rẹ̀ jẹ́ pátápátá, tẹ ọwọ́ sí ihò atẹ́gùn, ó ń fi ara mọ̀ ọ́n bó ṣe ń wọlé.

"Ẹ wo alágbàṣe tí kì í wúkọ́!" ni ó wí, tòun ti ikọ́, gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún iléru bọ́ lójú ẹsẹ̀. Iná ti tún gbá múṣé nígbà tí ìròyìn dé pé ìjòyè méjèèjì wà ní ààfin, wọ́n jọ jókòó sórí ẹní kan náà. Ọdún mẹ́ta ni wọn kò fi lè fẹnu kò lórí ọba. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo tó wọn láti fẹnu kò lórí èyí. Wọ́n jáde pọ̀, àwọn ènìyàn wọn sì tẹ̀lé wọn pẹ̀lú àáké. Ọ̀dọ̀fin na àáké àkọ́kọ́ sí Ọdẹ́wálé.

"Wó o."

Ọdẹ́wálé wo àáké náà, ó wo Ògúnṣakin. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi," ni ó wí. "Ọmọ mi wà nílé wọn."

"Ẹ má wó o nísinsìnyí!" Ògúnṣakin kígbe, wọ́n ti dì í mú. "Bàbá, mo fi Ògún bẹ̀ yín! Iná ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kú ná, mo máa fi ọwọ́ ara mi wó o!"

"Lónìí ni," Aṣípa wí.

Ọdẹ́wálé gbé àáké sókè. Ògiri náà là, ó sì ya lulẹ̀ síwájú, gbogbo ohun tó ń yọ́ nínú rẹ̀ sì dà lé ọkùnrin náà lórí. Kò pẹ́ rárá. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò lè sọ ohun tí wọ́n rí fún àwọn ọmọ wọn.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dájọ́. Wọ́n ní Ògúnṣakin dá iná tí ọba kò mọ̀, iná náà sì ti pa ènìyàn. Kí ó fi irin búra pé òun kò ní kọ́ irú rẹ̀ mọ́, bí kò bá sì fẹ́ búra, kí ó fi ìlú sílẹ̀. Ògúnṣakin kò dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni ó wí, "n kò mọ̀ pé ẹ lè rẹ́ tó báyìí. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti wá ohun burúkú kan bẹ̀ yín, kí ẹ lè jọ fi ìkanra ṣe èyí tó dára. Ọdẹ́wálé kò kú ikú iná. Ikú ìtẹ́ òfìfo ló kú. N kò ní búra."

Ó di ẹrù rẹ̀. Ẹfúnyẹlá kọ̀ láti bá a lọ. Ó ní àwọn tó gbé ẹ̀yinná wá nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu òun kò ní ibi tí wọn yóò lọ, òun náà kò sì ní lọ. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, odò gbẹ. Ẹfúnyẹlá jáde lọ pọn omi ní ìlú mìíràn, kò sì dé láti ibẹ̀. Wọ́n gé àyìn tó kẹ́yìn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ, agbo ilé kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi ku ìjòyè méjèèjì àti ọmọba méjèèjì nínú ilé tí koríko ti bò, tí wọ́n ṣì ń ránṣẹ́ èébú síra wọn lórí ẹni tí yóò jọba.

Abúlé ojú ọ̀nà kan ni ìròyìn ikú Ẹfúnyẹlá ti bá Ògúnṣakin. Ó jókòó sílẹ̀, kò jẹun. Ibẹ̀ ni àwọn ìránṣẹ́ ìlú Ìgbóǹlá, ìlú alágbára kan, ti wá bá a.

"Bàbá alágbẹ̀dẹ," ni aṣáájú wọn wí, "ọba wa ní kí ẹ wá. Ilé ń bẹ, oko ń bẹ. Ẹ kọ́ iléru yẹn fún wa, kí ẹ má sì kọ́ ẹlòmíràn. Idà la fẹ́ rọ. Ìdó-Irin la ó kọ́kọ́ fi dán an wò. Orí Ọ̀dọ̀fin àti ti Aṣípa yóò wà níwájú yín kí iṣu tuntun tó jáde."

Ògúnṣakin ń fẹ́ orí méjèèjì. Kí a má purọ́ mọ́ akọni, ó ń fẹ́ wọn gan-an.

"Bí mo bá kọ́ ọ fún ọba yín nìkan," ni ó wí níkẹyìn, "mo ti fi ìjòyè kan dípò méjì."

"Kí ni ẹ fẹ́ ṣe nígbà náà? Iṣẹ́ awo ni tiyín. A gbọ́ pé nígbà tí ẹ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá yín, ẹ mu omi irin búra pé ọmọ bíbí inú yín nìkan lẹ ó kọ́ ọ."

"Mo mu ún," Ògúnṣakin wí. "Bí ó bá fẹ́ pa mí, kí ó máa bọ̀."

Ó dìde. Ó bọ́ sí àárín abúlé náà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn obìnrin elépo ti ń wò ó láti òwúrọ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀. Ó ké pe ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n pé kí ó wá, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ onílẹ̀ àti ìwọ̀fà. Ó sọ àṣírí gbogbo fún wọn ní ohùn rara, bí ògiri ṣe ń nípọn tó, bí ihò ṣe ń jìnnà síra, àwọn ìránṣẹ́ Ìgbóǹlá sì dúró níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ohun tí ọba wọn fẹ́ rà. Nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n tán, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ sí abúlé tó kàn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí ó fi darúgbó. Kò fẹ́ aya, kò kọ́lé, kò padà sí Ìdó-Irin. Ẹ̀gbẹ́ iléru kan tí àwọn mìíràn ti dá iná rẹ̀ ni ó kú sí, ní ìlú tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọn kò kọ́ ojúbọ fún un. Ohun tó fi sílẹ̀ ni pé ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn, bí àlejò bá dé ìdí iléru tó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́, wọn kì í bi í léèrè ọmọ ta ni, wọn kì í bi í léèrè àdúgbò rẹ̀ tàbí ọba tó ń sìn. Wọn a na amọ̀ sí i, wọn a ní kó máa pò ó.